Great Zimbabwe: ẹjọ́ ilẹ̀ tó gbé agbádá ìtàn wọ̀

Nítòsí ìlú Masvingo, ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Zimbabwe, ògiri òkúta kan wà tó yí ọgbà ńlá kan po. Tí ẹ bá wọ̀n ọ́n yíká, yóò tó nǹkan bíi 250 mítà. Ibi tó ga jù lára rẹ̀ tó mítà 11, ibi tó nípọn jù sì tó mítà 5. Òkúta akọ ni wọ́n là wẹ́wẹ́, tí wọ́n tò léra. Kò sí amọ̀, kò sí sìmẹ́ńtì tó so wọ́n pọ̀. Òpó rìbìtì kan dúró nínú ọgbà náà, ó ga tó nǹkan bíi mítà 9, kò ní ilẹ̀kùn, kò ní fèrèsé, inú rẹ̀ kò sì ṣófo: òkúta ni láti òde dé àárín. Ògiri mìíràn wà lórí òkè tó kọjú sí i, àwọn kéékèèké sì fọ́n ká sí àfonífojì tó wà láàárín. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ là ń pè ní Great Zimbabwe.

Àwọn baba ńlá àwọn Shona, ẹ̀yà tó pọ̀ jù ní Zimbabwe, ló kọ́ ọ, láàárín sẹ́ńtúrì 11 sí 15. Mo ti sọ ìdáhùn tán yẹn, torí kì í ṣe ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Láti 1905 ni ẹni tó mọ ilẹ̀ wà ti rí i. Ohun tó yẹ ká tú wò ni ìdí tí ìbéèrè "ta ló kọ́ ọ?" fi wà láàyè fún ọdún 75 lẹ́yìn tí wọ́n ti dáhùn rẹ̀, àti ẹni tó ń bọ́ ọ.

Òórùn igi kan

Ní oṣù kẹsàn-án 1871, ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Karl Mauch dé ibẹ̀. Ó mọ̀ nípa òkúta àti wúrà dáadáa, ohun tó sì ń wá kiri gúúsù Áfríkà nìyẹn. Ìtàn ti ń dúró dè é kó tó dé. Ní 1552, òǹkọ̀wé Potogí kan, João de Barros, ti kọ nípa ògiri kan tí kò ní amọ̀ nínú, ní àárín ilẹ̀ wúrà, láìfi ojú ara rẹ̀ kàn án. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, orúkọ Ọbabìnrin Ṣébà lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ náà tímọ́tímọ́.

Mauch gé èèrún igi kan lára àtẹ́rígbà ẹnu ọ̀nà. Igi náà pupa, ó sì ń ta sánsán. Ó gbé e sún mọ́ pẹ́ńsùlù ọwọ́ rẹ̀, ó rí i pé wọ́n jọra. Igi kédárì ni wọ́n fi ń ṣe pẹ́ńsùlù. Lẹ́bánónì ni kédárì ti ń wá. Àwọn ará Fòníṣíà, oníṣòwò orí òkun ayé àtijọ́, nìkan ló lè gbé e débẹ̀. Àwọn ni wọ́n sì bá Sólómọ́nì kọ́ tẹ́ńpìlì. Ó parí rẹ̀ síbẹ̀: Ọbabìnrin Ṣébà ló kọ́ ọgbà náà, ó fi ṣe àwòkọ ààfin tó dé sí ní Jerúsálẹ́mù.

Igi tamboti ni. Inú igbó agbègbè náà ló ń hù.

Ẹ má tíì fi Mauch ṣẹ̀sín. Ọkùnrin náà wo ohun tó wà níwájú rẹ̀, ó fi wé ohun tó mọ̀, ó sì rò ó síwájú. Iṣẹ́ onímọ̀ náà nìyẹn. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé nínú gbogbo àwọn tó kà sí ẹni tó lè kọ́ ibẹ̀, àwọn tó ń gbé ìdí ògiri náà gan-an kò sí nínú wọn. Wọ́n ti yọ wọ́n kúrò kó tó dé. Georg Hegel, amòye Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Berlin nípa ìmòye ìtàn ní 1822, ti sọ pé Áfríkà kì í ṣe ara apá ayé tó ní ìtàn, pé kò sí ìdàgbàsókè kankan níbẹ̀. Wọ́n tẹ ẹ̀kọ́ náà jáde ní 1837, lẹ́yìn ikú rẹ̀. N kò sọ pé Mauch ka Hegel kó tó gbóòórùn igi. Ohun tí mò ń sọ ni pé èrò kan náà ló wà nínú afẹ́fẹ́ tí àwọn méjèèjì ń mí. Hegel pàápàá rí Íjíbítì, ó rí i pé ó ní ìtàn, ó sì yọ ọ́ kúrò lára Áfríkà kí òfin òun má bàa bàjẹ́. Nígbà tí ó kan Great Zimbabwe, wọ́n kò lè yọ ilẹ̀ náà kúrò, ni wọ́n bá yọ àwọn tó kọ́ ọ.

Àwọn tó fi ṣọ́bìrì ṣe òṣèlú

Ní 1889, Cecil Rhodes, oníṣòwò àti olóṣèlú Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀, British South Africa Company. Ní 1890, àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ ilẹ̀ Shona pẹ̀lú ìbọn. Ní 1891, kò ju ọdún kan lọ, ilé-iṣẹ́ náà ti dá owó pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti rán Theodore Bent lọ wádìí ògiri náà. Ẹ wo bí ó ti yá wọn tó. Wọn kò tíì ṣe ọ̀nà tó ṣe é rìn tán, wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò sọ ìtàn fún wọn.

Bent walẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó rìbìtì. Àkúfọ́ ìkòkò àti irinṣẹ́ irú èyí tí àwọn ará agbègbè ń lò ló ń bá pàdé. Síbẹ̀, nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1892, àwọn àjèjì tó wá láti ilẹ̀ Lárúbáwá ló gbé iṣẹ́ náà fún. Ìdí tí èyí fi dùn mọ́ Rhodes kò ṣòroó rí. Bí aláwọ̀ funfun tàbí ẹni tó fara jọ ọ́ bá ti wa wúrà níbẹ̀ rí, a jẹ́ pé onílé ló padà wálé; kì í ṣe olè ló fọ́lé.

Rhodes tún ra ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ tí wọ́n gbẹ́ sórí òpó níbẹ̀. Ẹyẹ náà tó mẹ́jọ tí a mọ̀, òkúta rírọ̀ irú èyí tó wà lára àwọn ère Èsìẹ́ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Ọdẹ kan, Willi Posselt, ló yọ èyí tí Rhodes rà ní 1889. Ní 1895, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa wú wúrà láti inú àwọn ahoro ilẹ̀ náà, kó sì yọ́ ọ tà. Ohun tó bá iṣẹ́ yẹn lọ, kò sẹ́ni tó lè kà á.

Ti Richard Hall ló burú jù lójú tèmi. Akọ̀ròyìn ni. Wọ́n fi í ṣe alábòójútó Great Zimbabwe ní 1902, wọ́n ní kó tọ́jú ibẹ̀. Hall gbà gbọ́ pé àwọn ará àtijọ́ tó kọ́ ọgbà náà wà nísàlẹ̀, pé ìdọ̀tí àwọn aláwọ̀ dúdú tó dé lẹ́yìn wọn ló bo iṣẹ́ wọn mọ́lẹ̀. Ó wá gbé ṣọ́bìrì, ó kó "ìdọ̀tí" náà dà nù: ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 5 níbi púpọ̀, níbòmíràn ó jìn tó 12. Ilẹ̀ ilé, eérú ààrò, eegun màlúù, ìlẹ̀kẹ̀, gbogbo ohun tí àwọn tó gbé ibẹ̀ fi sílẹ̀ ló kó sóde. Nígbà tí àwọn onímọ̀ pariwo, wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́ ní 1904. Irọ́ ṣe é tú. Ẹni tó bá parọ́ nínú ìwé, ìwé mìíràn lè já a. Ilẹ̀ tí wọ́n ti wú kò ṣe é dá padà.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni David Randall-MacIver dé, ẹni tó ti kọ́ iṣẹ́ ìwalẹ̀ lọ́dọ̀ Flinders Petrie ní Íjíbítì. Kò dúró sí ibi kan. Ó yẹ àwọn ahoro mìíràn wò pẹ̀lú, ó sì walẹ̀ dé abẹ́ ilẹ̀ ilé. Ohun gbogbo tó rí tí wọ́n ṣe níbẹ̀, irú tí àwọn Shona ń ṣe ni. Ohun àjèjì díẹ̀ tó wà pẹ̀lú wọn, àwo tánganran Ṣáínà àti àwọn nǹkan báyẹn, kò dàgbà ju sẹ́ńtúrì mélòó kan lọ. Ọjà ni wọ́n fi wúrà rà ní etíkun, láti ọwọ́ àwọn oníṣòwò Kilwa àti Sofala. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1906. Inú àwọn òyìnbó Rhodesia, bí wọ́n ṣe ń pe ilẹ̀ Zimbabwe nígbà náà, ru. Hall kọ ìwé gbọọrọ kan láti fi dá a lóhùn ní 1909.

Kóòtù ní Lọ́ńdọ̀nù

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀ rèé, torí pé àwọn tó ń sọ ìtàn Great Zimbabwe kì í sábà yà síbẹ̀.

Ní 1918, ẹjọ́ kan dé iwájú Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì: ta ló ni ilẹ̀ Gúúsù Rhodesia tí wọn kò tíì fún ẹnikẹ́ni? Ilé-iṣẹ́ Rhodes ní tòun ni. Àwọn òyìnbó tó ti tẹ̀dó síbẹ̀ ní tàwọn ni. Ẹgbẹ́ kan tó ti ń bá òwò ẹrú jà tipẹ́ ló wà lẹ́yìn lọ́yà tó dúró fún àwọn ọmọ onílẹ̀. Adé Gẹ̀ẹ́sì ló jàre. Nínú ìdájọ́ náà, Lord Sumner sọ pé àwọn ẹ̀yà kan wà tí ètò àwùjọ wọn rẹlẹ̀ débi pé ohun tí wọ́n mọ̀ sí ẹ̀tọ́ kò ṣe é fi wé òfin àwọn ọ̀làjú. Pé àwọn mìíràn sì wà tí òfin tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gún régé bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní àwọn ti Rhodesia sún mọ́ ìsàlẹ̀ ju òkè lọ.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1921, ilé ẹjọ́ yìí kan náà gbọ́ ẹjọ́ Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, lórí ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà. Herbert Macaulay bá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn adájọ́ ní ilẹ̀ náà jẹ́ ti Olúwa àti àwọn ènìyàn rẹ̀ pátápátá, kí ìjọba sanwó rẹ̀ bí ẹni san fún onílẹ̀ tòótọ́. Èkó borí. Ìdùnnú wa ni, kò sì yẹ ká fi bò ó. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìdájọ́ méjèèjì síwájú, ẹ ó rí i pé ipele ni wọ́n ń fi ènìyàn sí kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó lè ní ilẹ̀.

Ẹni tó bá ti wà ní ìpele ìsàlẹ̀, tí ògiri mítà 11 wá dúró sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ńkọ́? John Locke, amòye òṣèlú Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ láti 1689 pé ẹni tó bá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pò mọ́ ilẹ̀ ló ni ín. Àwọn òyìnbó tó tẹ̀dó fẹ́ràn òfin yìí; ohun tí wọ́n fi ń sọ pé ilẹ̀ tí ọmọ onílẹ̀ kò fi ṣe nǹkan kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí a bá fi òfin wọn gan-an ṣe é, ògiri yìí ni ìwé ilẹ̀ àwọn Shona. Kò sí bí wọn kò ṣe ní wá ẹlòmíràn tí yóò gbà á. Ará Fòníṣíà ló dára jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ará Fòníṣíà kò lè wá sí kóòtù.

Obìnrin mẹ́ta, 1929

British Association, ẹgbẹ́ onímọ̀ tó rán Randall-MacIver, tún rán Gertrude Caton-Thompson ní 1929 pé kó lọ fi òpin sí àríyànjiyàn náà. Obìnrin méjì ló bá a ṣiṣẹ́: Dorothy Norie, àti Kathleen Kenyon, ọmọ ọdún 23 nígbà náà, ẹni tí yóò wá lókìkí lẹ́yìn náà nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ní Jẹ́ríkò.

Caton-Thompson mọ ohun tí Hall ti ṣe. Kò fi àkókò ṣòfò nínú ọgbà ńlá; ó lọ sí ahoro kékeré kan nínú àfonífojì, Maund Ruin, tí ọwọ́ kò tíì kàn púpọ̀. Ọ̀nà tó gbà kò ní àdììtú. Tí wọ́n bá fi amọ̀ tẹ́ ilẹ̀ ilé, tó le, tí ihò eku tàbí kòtò kankan kò sì lù ú, ohun tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó tẹ́ ẹ. Kò lè já bọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó gbé ilẹ̀ náà kúrò ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó sì ń kọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan ti jáde sílẹ̀. Lábẹ́ ibẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ dígí wà, pẹ̀lú àkúfọ́ ìkòkò irú ti ibẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ló wúlò jù: ọjà òkèèrè ni, àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ sì lè sọ ìgbà tí wọ́n ń ṣe é. Kò sí ọ̀kan tó gbè lẹ́yìn ìtàn Sólómọ́nì. Ó tún wọ ọkọ̀ òfuurufú láti wo gbogbo ilẹ̀ náà látòkè, ohun tí awalẹ̀pìtàn púpọ̀ kò tíì máa ṣe nígbà náà.

Ìdájọ́ rẹ̀ kò lọ́ tìkọ̀: kò sí ohun kan nínú gbogbo ohun tí òun rí tí kò bá a mu pé àwọn aláwọ̀ dúdú ló kọ́ ọ, ní ìgbà tí Randall-MacIver ti sọ.

Nígbà tó sọ èyí fún àwọn onímọ̀ tó pé jọ sí Gúúsù Áfríkà lọ́dún náà, ẹni tó bínú dìde jù lọ ni Raymond Dart. Èyí ló ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Dart yìí ló gbé agbárí ọmọdé Taung jáde ní 1925, tó ní ibí ni ìran ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọ̀gá ilẹ̀ Yúróòpù sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbà fún un. Ó lè gbà pé Áfríkà ló bí gbogbo ènìyàn ayé láti àìmọye ọdún sẹ́yìn. Kò lè gbà pé ọmọ Áfríkà to òkúta léra ní ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Èyí tó jìnnà kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní 1930, ọdún kan péré lẹ́yìn ìwádìí náà, wọ́n ṣe òfin pínpín ilẹ̀ ní Gúúsù Rhodesia. Àwọn òyìnbó, tí wọn kò tó nǹkan lára àwọn ènìyàn ibẹ̀, gba bí ìdajì ilẹ̀ náà.

Garlake

Ní 1958, Roger Summers, Keith Robinson àti Anthony Whitty tún ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Whitty fi hàn pé ògiri náà fúnra rẹ̀ ń sọ bí wọ́n ṣe kọ́ iṣẹ́ náà: èyí tó dàgbà jù wà lórí òkè, ó rí gbágungbàgun; lẹ́yìn náà ni òkúta tí wọ́n ṣà, tí ìlà rẹ̀ tọ́. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá láti òkèèrè kì í bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ọ. Ahoro tó jọ ọ́ sì lé ní 200 káàkiri agbègbè náà.

Ní 1963, ọ̀jọ̀gbọ́n Oxford kan, Hugh Trevor-Roper, sọ pé ìtàn àwọn òyìnbó nìkan ló wà ní Áfríkà, pé òkùnkùn ni ìyókù. Ní oṣù kọkànlá 1965, ìjọba Ian Smith kéde òmìnira tirẹ̀ ní Rhodesia kí aláwọ̀ dúdú má bàa gba ìjọba. Peter Garlake ni olùbẹ̀wò àgbà fún àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé nígbà náà, láti 1964. Ní 1969, aṣòfin kan, George Hartley, dìde ní ilé ìgbìmọ̀, ó ń ráhùn pé gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn àlejò ní Great Zimbabwe ń fi hàn pé àwọn ọmọ onílẹ̀ ló kọ́ ọ, bí ẹni pé kò sí èrò mìíràn. Ọgbọ́n orí òṣèlú yẹn kò gbó rí: tí òtítọ́ bá ń dà ọ́ láàmú, sọ pé èrò ẹnì kan ni. Garlake kò gbà, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì kúrò ní ìlú ní 1970.

Ilé-Ifẹ̀ ló dé sí. Láti 1971 sí 1973 ló fi ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì walẹ̀ ní ilẹ̀ Ọbalára, níbi tó ti rí àwọn orí amọ̀ àti ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́. Ìwé rẹ̀ lórí Great Zimbabwe jáde ní 1973. Mi ò mọ̀ bóyá ó rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ìtàn Leo Frobenius, ọmọ Jámánì tó dé Ifẹ̀ ní 1910, tó rí orí Olókun, tó sì lóun ti rí Atlantis, ilẹ̀ inú ìtàn àwọn Gíríìkì tí wọ́n ní ó rì sínú òkun. Ẹjọ́ kan náà ni, ọmọ Jámánì mìíràn ló kàn tún pè é.

Lẹ́yìn 1980

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin 1980, orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira, ó sì gba orúkọ ahoro náà. Ẹyẹ òkúta wọ inú àsíá. Ní 1981, Gúúsù Áfríkà dá mẹ́rin nínú àwọn ẹyẹ náà padà, ó sì gba àkójọ oyin, agbọ́n àti èèrà tó wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Zimbabwe dípò. Èyí tí Rhodes rà kò sí nínú mẹ́rin náà. Ilé rẹ̀ ní Cape Town ló kù sí nígbà náà.

Àwọn ìdílé Nemanwa, Charumbira àti Mugabe (kì í ṣe ìdílé Robert Mugabe o) ń du ẹni tó yẹ kó máa tọ́jú ibẹ̀ bí ibi mímọ́. Ìjọba tuntun kò gbé e fún ọ̀kankan. Àjọ ìjọba tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló dì í mú.

Ìbéèrè àwọn onímọ̀ ti yí padà. Iye ènìyàn tó gbé ibẹ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí: wọ́n ti máa ń sọ pé ó tó 18,000 tàbí 20,000, ṣùgbọ́n ní 2017, Shadreck Chirikure àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kò lè tó 10,000. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ọgbà ńlá ṣe tún jẹ́ ìjà. Thomas Huffman ní ilé ìkọ́ni fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń bàlágà ni. Ìṣe àwọn Venda, ẹ̀yà kan ní gúúsù Áfríkà, lóde òní ló fi gbè é lẹ́yìn. David Beach ta kò ó, Chirikure àti Innocent Pikirayi náà ta kò ó, wọ́n ní èèyàn kò lè mú àṣà òde òní lọ dé orí ògiri tó ti ṣófo láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ọ̀nà tó yẹ kí wọ́n fi yanjú rẹ̀ ni kí wọ́n wo ohun tí wọ́n jẹ, ohun tí wọ́n sè, ohun tí wọ́n fọ́ sórí ilẹ̀ ilé nínú ọgbà náà. Àárín 1902 sí 1904 ni Hall ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dà sí ẹ̀yìn ògiri.